Oníbáàgì Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ

Èébú ni Lindomar fi kí Jussara káàbọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ríra. Kì í sì í ṣe èébú kékeré. Ọkùnrin mẹ́tàdínlógún tó wà nínú omi ló gbọ́ ọ, àwọn tó wà létí bèbè gbọ́ ọ, ajá tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi pàápàá dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni Lindomar. Jussara jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, nọ́ọ̀sì láti Cuiabá, ìlú tó jìnnà sí òkun bí ojú ṣe jìnnà sí ìpàkọ́. Ọ̀rẹ́ méjì ló bá a gbé báàgì sẹ́yìn: Rúbia, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àti Edivan, ìbátan Rúbia, tí ebi kì í yé pa. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi gbèrò ìrìn náà. Wọ́n kọ́kọ́ wọ àbàtà Pantanal, níbi tí wọ́n ti rí ẹkùn tó ń fi eyín wọ́ ọ̀nì gòkè odò bí ẹni wọ́ àpò gààrí. Láti ibẹ̀ wọ́n wọkọ̀ lọ sí etíkun Bahia. Ọ̀bọ kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ Edivan níbẹ̀, Edivan sì lé e gun igi títí òun fúnra rẹ̀ fi já bọ́. Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n ń sùn nínú àgọ́, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù. Chuí ni wọ́n ń lọ, níbi tí ilẹ̀ Brasil ti parí, wọ́n sì ti búra fún ara wọn pé kò sẹ́ni tó máa dúró lójú ọ̀nà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n dé Laguna. Jussara rí bóto kan, bí wọ́n ṣe ń pe ẹja dọ́fìnì níbẹ̀, tó yọ ẹ̀yìn dídán lójú omi, tó mí fòò bí ènìyàn, tó tún rì. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó bọ́ bàtà, ó kó wọ omi títí dé àyà, ó gbé fóònù sókè láti yàwòrán. Ó rí àwọn ọkùnrin tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú omi o, àwọ̀n léjìká kálukú, ṣùgbọ́n nítorí pé kò sẹ́ni tó mira nínú wọn, ó rò pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

Ọmọ tó ń mu ọmú ní Laguna mọ̀ pé ènìyàn kì í dúró sáàárín bóto àti àwọ̀n. Bóto ló ń da ẹja taínha láti inú ibú wá síwájú àwọn apẹja. Bó bá forí lu omi, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á ju àwọ̀n. Kí ó tó forí lu omi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mí. Lọ́jọ́ náà, Dengosa, bóto tí wọ́n fẹ́ràn jù, ń da agbo ẹja ńlá bọ̀ tààrà síwájú Lindomar. Dengosa rí ọmọbìnrin àjèjì kan tó gbé ọwọ́ sókè. Ló bá yí padà. Ẹja fọ́n ká.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Lindomar ń pariwo. "Jáde nínú omi! Oúnjẹ ènìyàn mẹ́tàdínlógún lo fẹsẹ̀ tú ká yẹn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀..."

"O ò mọ̀! O rò pé a dúró sínú òtútù yìí ká lè wà nínú fọ́tò ẹ ni?"

"Lindomar, ó tó," ni Seu Valmor, àgbà láàárín àwọn apẹja tó tò sínú omi, wí. "Ọmọ ọlọ́mọ ni."

Jussara jáde, omi ń ro lára rẹ̀. Rúbia ní kí wọ́n tètè gbé báàgì kí wọ́n máa sá lọ. Jussara ní òun ò ní sá. Ó jókòó sórí iyanrìn nínú aṣọ tútù fún wákàtí méjì títí àwọn apẹja fi parí iṣẹ́, ó wá lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀." Ó sọ ọ́ nígbà mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó kan Lindomar, ojú ti ọkùnrin náà.

"Èmi tí mo bú ẹ, kí lo tún ń bẹ̀ mí fún?"

"Torí iwájú ẹ ni ẹja yẹn ń bọ̀. Mo rí i."

Lindomar wò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń wá wo bóto ní Laguna. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń rí ibi tí ẹja ń lọ.

Ilé Dona Nilsa ni àwọn mẹ́ta náà wọ̀ sí, obìnrin àgbà kan tó ń hun léèsì tó sì ń fi yàrá gba àlejò. Wọn ò mọ̀ pé Dona Nilsa ni ìyá ìsàmì Lindomar. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Lindomar yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú taínha méjì lórí okùn.

"Ìyá ìsàmì mi, ẹja yín rèé."

"Ẹja mi? Láti ọdún wo lo ti ń gbé ẹja wá fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?" Dona Nilsa ò gbójú sókè kúrò lórí léèsì. "Ẹni tó ni ẹja wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó o rọra sọ̀rọ̀ lónìí."

Edivan ló dín ẹja náà, òun ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù. Àwọn yòókù fi gààrí tí wọ́n fi omi ẹja tẹ̀ jẹ ìyókù. Lindomar ò jẹ púpọ̀. Ó ń sọ orúkọ àwọn bóto fún Jussara: èyí tó lè dúró dè ọ́, èyí tó kàn ń gba tirẹ̀ tí kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, èyí tó kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Jussara ń béèrè, ó tún ń béèrè. Nígbà tí Lindomar máa dìde, oòrùn ti ń wọ̀, kò sẹ́ni tó rántí pé ó wá bẹ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ lò ní Laguna. Ó di mẹ́sàn-án. Rúbia bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Jussara lẹ́nu. "Ẹ wo nọ́ọ̀sì wa! Ó ní bóto lòun ń lọ wò. Bóto wo ló ní irùngbọ̀n?"

Lọ́jọ́ keje, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lọ sí ibi ilé iná ojú òkun tó wà lórí òkè. Rúbia àti Edivan fi ọgbọ́n ṣíwájú. Jussara àti Lindomar jókòó sórí àpáta, afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

"Ẹni mélòó lo ti mú wá síbí nínú àwọn oníbáàgì?" Jussara bi í. Ó fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Ìwọ ni àkọ́kọ́. Màmá mi kì í fẹ́ kí n sún mọ́ wọn." Lindomar ju òkúta kékeré kan sísàlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Marlise, ọdún mẹ́sàn-án rèé tó tẹ̀ lé oníbáàgì kan lọ sí Argentina. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun ń lọ. Kò padà wá mọ́. Ó máa ń tẹ̀ mí láago. Màmá kì í gba fóònù rẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ lọ síbì kankan?"

"Mi ò fẹ́ lọ." Ó yí sí i. "Ohun tí mo fẹ́ ni kí ìwọ má lọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ náà nìyẹn."

Jussara ò sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣé ìfẹ́ nìyí àbí ìsinmi ló ń pa á? Bó bá jẹ́ pé ní Cuiabá ló ti rí ọkùnrin yìí, tó wọ bàtà iṣẹ́, tó ti rẹ̀ ẹ́, ṣé á tún wò ó? Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn, ìdáhùn kan náà ló ń dé: á wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tó kù ni láti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì le ju gbogbo òkè tí wọ́n ti gùn lọ.

Ibùdókọ̀ ló ti sọ ọ́, nígbà tí báàgì àwọn méjì yòókù ti wọ bọ́ọ̀sì tán.

"O ń ṣeré," Rúbia wí.

"Mi ò ṣeré."

"Jussara, ọdún mẹ́rin! A jọ búra! Torí ọkùnrin tó bú ẹ lójú gbogbo ayé?"

"Torí òun náà ni."

"Tó bá wá já ẹ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Mo mọ ọ̀nà ibùdókọ̀."

Rúbia sunkún, ó bú u, ó gbá a mọ́ra, ó tún bú u. Edivan kàn bọ́ fìlà rẹ̀ fún Jussara, torí ó ní òtútù ibẹ̀ kò ní ṣe é ní kékeré. Nígbà tí bọ́ọ̀sì lọ tán, Jussara dúró lójú títì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ẹni tó ń pariwo létí rẹ̀.

Dona Nilsa gbà láti ṣe alárinà láàárín Jussara àti ìyá Lindomar. "Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò," ó wí bó ṣe ń di ìborùn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n àpò Zenir, ó ti rán an pa. Tẹ̀ lé mi, kó o sì dákẹ́."

Dona Zenir, ìyá Lindomar, ń gbá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Obìnrin tínínrín ni, opó, ojú rẹ̀ ò fàyè gba eré. Ó wo Jussara láti òkè dé ilẹ̀. Kò ní kí wọ́n jókòó.

"Zenir, ọmọ rere ni," Dona Nilsa bẹ̀rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ni. Láti ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò jẹ́ kí n fọ abọ́ rí."

"Àlejò tuntun ni, kò tíì mọ ibi tí a ń kó ìdọ̀tí sí, kí ló dé tí kò ní fọ abọ́?"

"Lindomar fẹ́ ẹ."

"Marlise náà fẹ́ tirẹ̀." Dona Zenir ti ìgbálẹ̀ mọ́ ògiri. "Nilsa, gbọ́ mi. Oníbáàgì ló gbé ọmọ mi obìnrin lọ. Mo ti fún wọn ní ọ̀kan. Wọn ò ní gbé ìkejì. Kí wọ́n lọ wá ọmọ ẹlòmíì."

"Mi ò wá gbé e lọ," Jussara wí. Dona Nilsa fi ìgúnpá gún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. "Dona Zenir, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ dúró níbí ni."

"Gbogbo yín lẹ fẹ́ dúró síbí nígbà oòrùn. Kò sí oníbáàgì tó rí òtútù oṣù keje ní Laguna rí. Bí afẹ́fẹ́ gúúsù bá ti fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti wà nínú bọ́ọ̀sì."

"Ẹ jẹ́ kí n rí oṣù keje náà."

Dona Zenir rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín inú dídùn. "Rí i. Èmi ò gbà ẹ́, èmi ò lé ẹ. Eyín ẹ ni á gbá ara wọn." Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá," Dona Nilsa wí lójú ọ̀nà. "Má fi ṣèbínú."

"Mi ò bínú. Aago mélòó làwọn obìnrin ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹja?"

"Kí oòrùn tó yọ."

"Ẹ jí mi."

Báyìí ni Jussara ṣe wọ inú òtútù Laguna. Ó rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti lọ bímọ, ọ̀sán ló sì ń lọ síbẹ̀. Láàárọ̀, ó ń bá àwọn obìnrin tó ń la ẹja létí omi ṣiṣẹ́. Àwọn yẹn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní nọ́ọ̀sì tó ń la ẹja bí ẹni ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọba. Dona Zenir kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹja tó tóbi jù, tí ìpẹ́ rẹ̀ le jù, ló máa ń tì síwájú Jussara. Jussara á là á. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó fi ọ̀rá pa á, ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Láràárọ̀ ló ń kí ìyá náà: "Ẹ káàárọ̀, Dona Zenir." Láràárọ̀ ni ìyá náà ń wo ẹja.

Ìyá tirẹ̀ ní Cuiabá, Dona Irani, kò jẹ́ kó sinmi lórí fóònù.

"Ìsinmi ẹ ti parí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ló gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Kò sẹ́ni tó gbà mí, Màmá."

"Ṣé ìyá ọkùnrin náà fẹ́ ẹ?"

Jussara kì í parọ́ fún ìyá rẹ̀. "Kò tíì fẹ́ mi," ó wí. Dona Irani kàn ní, "Ó dàárọ̀," ọ̀rọ̀ náà sì dun Jussara ju ariwo lọ. Ìgbà mìíràn ó máa ń jókòó sétí omi, ó máa ń rò ó pé kí ni òun ń ṣe níbí. Àwọn pẹ́ńgúìnì, ẹyẹ dúdú-funfun tí kì í fò, tí ìgbì ń gbé wá láti ìsàlẹ̀ ayé lásìkò òtútù, máa ń dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ó máa ń bá àwọn olùtọ́jú ẹranko gbé wọn sínú àpótí. Á sọ fún àwọn ẹyẹ náà pé, "Ẹ̀yin àti èmi ò yàtọ̀." Lẹ́yìn náà á nu ojú, á lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje, Lindomar ṣe ohun tí ọmọ ọdún méjìlá kì í ṣe ní Laguna. Ó ju àwọ̀n kí Dengosa tó forí lu omi.

Gbogbo àwọn apẹja kígbe lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀n balẹ̀ sínú òfìfo, Dengosa rì, agbo ẹja tí wọ́n ti ń dúró dè láti ìdájí yí padà sínú ibú. Seu Valmor ò bú u. Ó kàn ní, "Lindomar, máa lọ sílé." Òfin ibẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá ṣíwájú bóto á kúrò nínú omi lọ́jọ́ náà, orúkọ rẹ̀ á sì wà lẹ́nu ìlú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lindomar gòkè wá, àwọ̀n lófo lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Dona Zenir ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bá Jussara sọ̀rọ̀ láàárín àwọn obìnrin.

"Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń dúró síbẹ̀ yẹn. Níbi tí bàbá rẹ̀ dúró sí. Kò ṣe é rí! Ìwọ dé, ó ṣe é. Ṣé ó tó ẹ báyìí? Àbí o fẹ́ kó rì kó o tó lọ?"

Jussara lọ bá Lindomar níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi kan.

"Bó bá jẹ́ èmi ni," ó wí, "sọ fún mi. Màá kúrò létí omi. Màá lọ pàápàá."

"Kì í ṣe ìwọ." Lindomar ń fi ìka tú àwọ̀n tí kò lọ́. "Màmá ní kí n yan ọ̀kan láàárọ̀ yìí. Òun tàbí ìwọ. Mo dúró sínú omi, mo ń wo omi, mi ò rí omi. Ẹ̀rù ló ju àwọ̀n yẹn, kì í ṣe èmi."

"Ta lo wá yàn?"

"Mo kọ̀. Mi ò ní yàn. Mi ò ní fi í sílẹ̀, mi ò sì ní fi ẹ́ sílẹ̀. Bó bá fẹ́ kó fi ọdún mẹ́wàá kọ̀, màá dúró."

"Ọdún mẹ́wàá?" Jussara nu imú rẹ̀. "Ìwọ nìkan lo máa dá a dúró. Èmi fẹ́ bímọ!"

Lindomar bú sẹ́rìn-ín láìfẹ́, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo ènìyàn, ohun tí kò ṣe rí. Òkèèrè ni Dona Zenir ti rí ọwọ́ náà. Ilé Dona Nilsa ló gbà lọ. Ó mọ ibi tí ìwé tí àlejò ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ẹbí wọn sí wà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù keje ni Jussara ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá ìyá rẹ̀ ní ìdáná Dona Nilsa, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú abọ́ omi gbígbóná.

"Màmá!"

"Di ẹrù ẹ," Dona Irani wí.

"Ta ló sọ fún yín..."

"Obìnrin kan ló pè mí. Ó ní kí n wá kó ọmọ mi. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó nínú bọ́ọ̀sì, wo ẹsẹ̀ mi. Di ẹrù ẹ, Jussara. Mi ò bí ẹ fún ibi tí wọn ò ti fẹ́ ẹ."

Ẹnu ọ̀nà ṣí. Dona Zenir ló wọlé, Lindomar ń sáré tẹ̀ lé e, torí ìgbà náà ló tó gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe. Ìyá náà wá láti rí i pé iṣẹ́ tó rán ti jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ẹsẹ̀ wíwú nínú abọ́ omi, ó dúró.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí?" Dona Irani bi í.

"Èmi ni."

"Ẹ ṣé. Ẹ ti ṣe dáadáa. Bí wọ́n bá tún pè mí lọ́la pé ọmọ mi wà níbi tí inú rẹ̀ ò dùn, màá tún wá. Kì í ṣe ọjọ́ méjì, bó jẹ́ oṣù méjì." Ó mú aṣọ, ó ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ̀yin náà ní ọmọbìnrin. Ibo ló wà?"

"Argentina."

"Ìgbà wo lẹ ti débẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Dona Nilsa tẹjú mọ́ léèsì rẹ̀. Lindomar ń wo ilẹ̀.

"Mi ò dé ibẹ̀ rí," Dona Zenir wí.

"Láti ìgbà wo ló ti lọ?"

"Ọdún mẹ́sàn-án."

"Ọdún mẹ́sàn-án!" Aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ Dona Irani. "Kí ló dé? Ṣé kò sí ọkọ̀ ni?"

"Mo ní kó kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ sétí ìyá ẹlòmíì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbá ẹ̀yìn àga mú.

Jussara mọ̀ pé bí òun ò bá sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á bá òun sọ ọ́.

"Màmá, mi ò lọ. Ẹ bínú, ẹ sunkún, màá bá yín sunkún, ṣùgbọ́n mi ò lọ. Mo ti rí oṣù kẹfà, mo ti rí oṣù keje. Mo ti la ẹja títí ọwọ́ mi fi bó. Mo ń jí kí oòrùn tó yọ, inú mi sì ń dùn bí mo bá jí. Kò sẹ́ni tó tàn mí." Ó yí sí Dona Zenir. "Ẹ̀yin náà, Dona Zenir. Bí ẹ ò bá gbà mí lọ́dún yìí, màá kí yín láàárọ̀ ọ̀la. Bí ẹ ò bá gbà mí lọ́dún tó ń bọ̀, màá kí yín. Mi ò ní fi ipá fẹ́ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní lé mi kúrò níbi tí mo fẹ́."

Dona Zenir yí padà, ó jáde. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta títí kò fi dún mọ́.

"Ó ti parí," Lindomar wí.

Dona Irani ń sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Jussara kúnlẹ̀ tì í, ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Dona Nilsa gbé kọfí kaná, torí ohun tí a máa ń ṣe níbí nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá tán.

Kọfí ò tíì hó nígbà tí ẹnu ọ̀nà tún ṣí. Dona Zenir ni. Ó ti wẹ̀. Aṣọ dúdú tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó wọ bàtà, ó ya irun rẹ̀ sí méjì. Ó la ìdáná kọjá, ó sì dúró níwájú Dona Irani bí ọmọ iléèwé.

"Mo wá tọrọ ọmọ yín fún ọmọ mi," ó wí.

Lindomar yára pa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ̀yin?" Dona Irani wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n wá kó o?"

"Èmi náà ni. Mo ṣe é. Mo tọrọ àforíjì."

"Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń tọrọ? Ohun tí ẹ̀yin ò lè gbà fún ọdún mẹ́sàn-án lẹ fẹ́ kí èmi gbà. Kí ọmọ mi máa gbé lọ́nà jíjìn."

"Òun ni," Dona Zenir wí. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nínú ilé yìí. Bí mi ò bá mọ bó ṣe wúwo tó ni, màá kàn rán Nilsa ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi wá fúnra mi."

Dona Irani bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ohun tó fẹ́ mọ̀.

"Bó bá ṣàìsàn, ta ló máa tọ́jú rẹ̀?"

"Èmi."

"Bó bá bímọ?"

"Èmi."

"Bó bá ní òun fẹ́ wá gbé ọ̀dọ̀ mi fún oṣù kan, fún méjì, òun àti ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè yìí ló le jù fún Dona Zenir. Jussara rí i. Lindomar rí i. Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó wo ilẹ̀, ó gbé ojú sókè.

"Wọ́n á wá," ó wí. "Mi ò ní dá wọn dúró. Mo sì máa gba fóònù wọn."

Dona Irani fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó fa ọwọ́ Jussara, ọwọ́ tó ti le tó sì ní àpá, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó fi í sínú ọwọ́ Dona Zenir.

"Ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé màá sunkún o. Màá sunkún kúrò níbí dé Cuiabá."

"Ẹ má dá ẹkún yẹn sun," Dona Zenir wí. Kò jọ̀wọ́ ọwọ́ Jussara. Ó fi ẹsẹ̀ fa àga kan sún mọ́ ìyá ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì bú sẹ́kún.